'Àánú Ṣe Mí' Tàbí 'Mo Ṣàánú': Àánú àti Àjọwà Ẹ̀dá Gbogbo Nínú Ẹ̀kọ́ Búdà

Ìfáárà

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Nínú ìdánwò ìparí táàmù kan, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà ní àyọkà kúkúrú kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá. Àyọkà náà dá lórí Búdà àti obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú. Ibì kan wà níbẹ̀ tí a ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn Búdà nígbà tí ó rí obìnrin náà. Ohun tí mo ti kọ sínú ìwé ìdáhùn tí mo fi ń máàkì ni 'Ó ṣàánú obìnrin náà.' Ọmọbìnrin kan kọ 'Àánú obìnrin náà ṣe é.' Mo fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, mo sì gé máàkì kan.

Nígbà tí mo dá ìwé wọn padà, ọmọ náà wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, Búdà kò fún un ní nǹkan kan. Ó kàn rán an níṣẹ́ ni. Báwo ló ṣe wá ṣàánú rẹ̀?'

Mo ní kí ó padà sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ Búdà kà, kì í sì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì. Bí mo ti ń kà á ni ó túbọ̀ ń hàn sí mi pé àyọkà tí èmi fúnra mi fi lélẹ̀ kò yé mi dáadáa nígbà tí mo fi í lélẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí a ṣàlàyé ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń pè ní àánú, kí a wo ìdí tí wọn kò fi lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láìsọ bí ẹ̀dá gbogbo ṣe so mọ́ ara wọn, kí a sì wo irú gbólóhùn Yorùbá tí ó lè gbé e. A kò fẹ́ sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́sìn Búdà. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ó gbé wa dé ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí kò ní òkè

A kò ní pẹ́ lórí ìtàn ìgbésí ayé Búdà. Siddhartha Gautama ni orúkọ tí ìtàn pè é. Lumbini, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Nepal lónìí, ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ọdún náà gan-an. Ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún 29 ni nígbà tí ó fi ilé ọlá sílẹ̀, pé ó jẹ́ ẹni ọdún 35 nígbà tí ojú inú rẹ̀ là lábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya, àti pé ẹni 80 ọdún ni nígbà tí ó kú ní Kushinagar. 'Búdà' kì í ṣe orúkọ àbísọ. Oyè ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí ó ti jí.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Búdà kò pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò dúró lórí Ẹlẹ́dàá tí ó dá ayé. Nígbà tí àwa bá gbọ́ 'àánú', ì báà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà ṣe ní mọ́sáláṣí, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni àánú Ọlọ́run, ìyẹn àánú tí ń ti òkè bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ọba a máa ṣàánú ẹlẹ́ṣẹ̀, olówó a máa ṣàánú tálákà. Nínú ẹ̀kọ́ Búdà, kò sí òkè tí àánú náà lè ti sọ̀ kalẹ̀. Ó di dandan kí ó ti ibòmíràn wá, ibẹ̀ sì ni gbogbo àlàyé náà wà.

Ohun gbogbo ní agbódúró

Pali ni èdè tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Sri Lanka, Myanmar àti Thailand fi pa ìwé mímọ́ wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè náà, paticcasamuppada, tí a lè pè ní gbòǹgbò gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá tú u palẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé ohunkóhun tí a bá rí, nǹkan mìíràn ni ó gbé e dúró. Bí a bá fa agbódúró náà yọ, òun náà kò sí mọ́. Sariputta, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọmọ ẹ̀yìn Búdà, lo àfiwé kan tí yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé oko rí. Ó ní kí a wo ìdì koríko gíga méjì tí a fi ẹ̀yìn wọn ti ara wọn. Èwo ni ó gbé èkejì dúró nínú wọn? Fa ọ̀kan, èkejì ti wó lulẹ̀ nìyẹn. Iyè inú ènìyàn àti ara tí ó gbé iyè náà wọ̀ ni ó ń fi èyí ṣàlàyé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀ lé e lò ó fún ohun gbogbo.

Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, Nagarjuna, ọmọ Íńdíà, tẹ ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ó ní bí kò bá sí ohun tí ó dá wà fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé òfìfo ni ohun gbogbo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Òfìfo tí ó ń wí kì í ṣe pé kò sí nǹkan kan láyé. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí o bá tú ohunkóhun wò dé ìsàlẹ̀, o kò ní bá ohun kan níbẹ̀ tí kò gbára lé òmíràn. Àdádúró ni ó ṣòfo, kì í ṣe ayé.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí dé Ṣáínà, ojú ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ènìyàn. Ìtàn sọ pé Fazang, mọ́ǹkì kan tí ó gbé ayé láti ọdún 643 di 712, kó dígí yí yàrá kan ká fún ọbabìnrin tí ó ń jẹ́ Wu Zetian. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó gbé e kọ́ òkè, ó tò ó sí gbogbo igun. Ó gbé ère Búdà kan àti fìtílà sí àárín. Dígí kọ̀ọ̀kan ń fi ère náà hàn, ó tún ń fi gbogbo dígí yòókù hàn pẹ̀lú ère tí ó wà nínú wọn, títí tí ojú kò fi lè ká a mọ́.

Ẹni tí ó sún mọ́ ìgbà tiwa nínú wọn ni Thich Nhat Hanh, mọ́ǹkì ọmọ Vietnam tí wọ́n bí ní ọdún 1926, tí ó sì kú ní 2022. Ìlú rẹ̀ wà lójú ogun nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1966. Ọkùnrin náà fẹ́ràn láti máa fi tákàdá kọ́ ènìyàn. Kò sí tákàdá láìsí igi, kò sí igi láìsí òjò, kò sí òjò láìsí ìkùukùu; agégi náà wà níbẹ̀, oúnjẹ tí agégi jẹ kí ó tó lè gbé àáké wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó wá ọ̀rọ̀ tuntun fún irú wíwà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ó ń sọ, mo gbà pé kì bá tí wá a jìnnà. A ní àjọṣe, a ní àjọjẹ, a ní àjọgbé, a ní àjọbí. Àjọwà tọ́, ó sì bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ mu. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé 'jọ' kò sọ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìyẹn hàn yóò ní láti fi gbólóhùn gbè é lẹ́yìn: nítorí òjò ni igi fi wà.

Àjọbí tí kò ní ààlà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ṣìkà gbàgbé àjọbí, adánilóró gbàgbé ọ̀la. Òwe yìí jẹ́ kí a mọ ibi tí àánú tiwa dúró lé: a bí wa pọ̀, nítorí náà n kò gbọdọ̀ ṣe ọ́ níkà. Ó yà mí lẹ́nu láti rí i pé irú èrò kan náà wà nínú ìwé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, àfi pé àwọn kò mọ odi sí i yíká. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹ̀dá ń kú, ó ń tún ayé wá, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìgbà tí ìrìnàjò náà bẹ̀rẹ̀. Búdà wá kọ́ wọn pé nínú ìrìnàjò tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀, yóò ṣòro láti rí ẹnì kan tí kò tíì ṣe ìyá rẹ rí, tàbí bàbá rẹ, tàbí ọmọ ìyá rẹ. Àwọn ará Tibet sọ èyí di ohun tí wọ́n ń ṣe àṣàrò lé lórí: ọ̀tá tí ó wà níwájú rẹ yìí ti gbé ọ pọ̀n rí. Ẹran náà kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀.

Àwa náà gbà pé ẹ̀dá a máa padà wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Ṣùgbọ́n inú ẹbí ni Bàbá tún dé sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré, kí olùkọ́ má ṣe fi òwe tiwa bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ohun tí karuna jẹ́

Nǹkan mẹ́rin ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní kí ènìyàn fi kún ọkàn rẹ̀: metta, ìyẹn ìfẹ́ pé kí ó dára fún ẹ̀dá gbogbo, karuna, tí à ń pè ní àánú, mudita, kí inú ẹni máa dùn sí ire ẹlòmíràn, àti upekkha, tí a ó padà sọ̀rọ̀ lé lórí. Buddhaghosa ni ó ṣe àlàyé wọn yékéyéké jùlọ, nínú ìwé Visuddhimagga tí ó kọ ní Sri Lanka ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Kristi. Ó ní karuna ní ọ̀tá méjì. Ọ̀tá tí ó jìnnà sí i ni ìkà; ẹnikẹ́ni mọ èyí. Ọ̀tá tí ó wà nítòsí rẹ̀, tí ó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ṣì í mú, ni ìbànújẹ́. Ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn tí ó ń sunkún lè rò pé àánú ni òun ń ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹkún ara rẹ̀ ni ó ń sun. Karuna a máa fẹ́ kí ìyà náà kúrò.

Buddhaghosa tún fi ìdánwò kan lélẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ká ní ìwọ, ọ̀rẹ́ rẹ, ẹnì kan tí kò kàn ọ́, àti ọ̀tá rẹ jókòó síbì kan. Àwọn ọlọ́ṣà dé, wọ́n ní kí o fa ẹnì kan kalẹ̀ kí àwọn pa á. Bí o bá ní kí wọ́n mú ọ̀tá rẹ, o ti kùnà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n mú ìwọ fúnra rẹ, o kùnà pẹ̀lú! Ẹni tí ààlà ti wó nínú ọkàn rẹ̀ kì yóò rí ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó yẹ ní fífà kalẹ̀. Mo ka ibí yìí léraléra. Ẹni tí ó ń fi ara rẹ̀ rúbọ ṣì ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ síbẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹjọ, Shantideva, tí ó jẹ́ mọ́ǹkì ní ilé-ẹ̀kọ́ ńlá Nalanda ní Íńdíà, dá alátakò kan lóhùn nínú ìwé rẹ̀ Bodhicaryavatara. Alátakò ní ìrora ẹlòmíràn kò dun òun, nítorí náà kò kan òun. Shantideva ní ìrora ẹsẹ̀ kì í ṣe ti ọwọ́, síbẹ̀ ọwọ́ a máa gba ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó dá mi lójú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò fẹ́ sáré pa òwe ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún síbí. Kí a dá wọn dúró díẹ̀. Òwe tiwa ń sọ nípa pààrọ̀: wẹ̀ mí, kí n wẹ̀ ọ́. Ọwọ́ tí ó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ kò retí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yóò yọ ẹ̀gún lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ ṣe oore. Ara kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà. Kisa Gotami ni orúkọ obìnrin inú àyọkà. Ọmọ rẹ̀ kékeré kú, kò gbà pé ó kú, ó gbé òkú náà pọ̀n káàkiri, ó ń wá oògùn. Búdà sọ fún un pé kí ó lọ mú hóró músítádì wá, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ láti ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kú sí rí. Kò sí ilé tí kò ní hóró náà. Kò sì sí èyí tí ikú kò tíì wọ̀. Nígbà tí ó fi máa yí ìlú ká tán, ó ti mọ̀, ó sì lọ sin ọmọ rẹ̀. Ní tòótọ́, Búdà kò fún un ní kọ́bọ̀. Kò jí òkú dìde, kò gbàdúrà lé e lórí. Ó rán an sí àwọn ènìyàn tí ohun kan náà ti ṣe, kí ó lè rí i pé òun kò dá wà. Ọmọ náà rí èyí nínú àyọkà kí olùkọ́ rẹ̀ tó rí i.

Ìgbà mìíràn wà tí Búdà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òun àti Ananda bá mọ́ǹkì kan tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń ṣe, ó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀gbin ara rẹ̀. Àwọn yòókù kò tọ́jú rẹ̀ nítorí pé òun náà kì í ṣe nǹkan kan fún wọn. Búdà da omi sí i lára, Ananda wẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì sì gbé e sórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni ó pe àwọn mọ́ǹkì jọ, ó rán wọn létí pé wọn kò ní ìyá àti bàbá níbẹ̀ mọ́, àfi ara wọn.

Ọba Ashoka, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, gbìyànjú láti fi irú àánú yìí ṣe ìjọba. Ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Kalinga, ó sì gbẹ́ ẹ sára òkúta pé 100,000 ènìyàn ni wọ́n pa, pé 150,000 ni wọ́n kó lọ, àti pé ó dun òun. Ó ní òun ti ṣètò ìtọ́jú fún ènìyàn àti fún ẹran, òun gbin igi, òun gbẹ́ kànga sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹ̀kọ́ yìí sọ gbogbo ẹni tí ó gbà á di aláàánú. Myanmar, níbi tí ẹlẹ́sìn Búdà ti pọ̀ ju ẹlẹ́sìn mìíràn lọ, ni àwọn Rohingya tí wọ́n ju 700,000 lọ ti sá lọ sí Bangladesh láti ọdún 2017 nítorí ohun tí àwọn ológun ṣe sí wọn, àwọn mọ́ǹkì kan sì wà lára àwọn tí wọ́n ti ń wàásù ìkórìíra sí wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ó lè gbé e

Bí a bá fi ojú gírámà wo gbólóhùn méjèèjì, ìyàtọ̀ yóò hàn. Nínú 'Mo ṣàánú rẹ̀', èmi ni olùwà. Èmi ni mo ní nǹkan lọ́wọ́, tí mo lè fi fún un, tí mo sì lè fi dù ú. Ìdí nìyí tí alágbe fi ń ké pé 'Ẹ ṣàánú mi', tí a sì ní ọ̀rọ̀ bí ìtọrẹ àánú. Nínú 'Àánú rẹ̀ ṣe mí', àánú gan-an ni olùwà, èmi sì ni àbọ̀. Inú agbo kan náà ni ó wà pẹ̀lú 'ebi ń pa mí', 'ẹ̀rù ń bà mí', 'ojú ń tì mí', 'oorun ń kùn mí'. A kì í yin ènìyàn nítorí pé ebi ń pa á. Irú àánú yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá ẹnikẹ́ni.

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń lò pọ̀ mọ́ karuna, ìyẹn anukampa. Ohun tí ó ti ìpìlẹ̀ wá ni gbígbọ̀n tẹ̀lé: nǹkan mi ẹnì kan, ó sì mi èmi náà. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ 'àánú rẹ̀ ṣe mí', wọ́n bá ara wọn mu ju bí mo ti rò lọ. 'Mo káàánú rẹ̀' wà láàárín. Èmi ni olùwà, ṣùgbọ́n kò di dandan kí n fún un ní nǹkan. Ìyọ́nú ìbá dára, nítorí inú tí ó yọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a ti ń lò ó nísinsìnyí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ojú rere tí ẹni ńlá ń fi hàn sí ẹni kékeré.

N kò sọ pé kí a pa 'ṣàánú' tì. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan ń gbàdúrà sí Avalokiteshvara, tí Ṣáínà ń pè ní Guanyin, tí Jàpáànì ń pè ní Kannon. Àwọn kan a máa gbẹ́ ère rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún ọwọ́, tí ojú sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ síwájú ère bẹ́ẹ̀ tí ó ń tọrọ ọmọ, 'ṣàánú mi' ni yóò wí, olùtúmọ̀ kò sì gbọdọ̀ bá a jà. Bákan náà, 'àánú rẹ̀ ṣe mí' lè parí sórí ìmí ẹ̀dùn lásán, ohun tí Buddhaghosa sì kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí gbólóhùn ti jáde ni ó yẹ kí a wò. Fún ìtàn Kisa Gotami, ìdáhùn ọmọ náà ni ó tọ̀nà jù. Mo ti dá máàkì rẹ̀ padà, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì.

Ó ku upekkha. Mudita kò ni wá lára, nítorí 'bá mi yọ̀' ti wà lẹ́nu wa: ìbáyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n upekkha ni ọkàn tí ó dúró gbọọrọ, tí kò fì sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ju ọ̀tá lọ, tí ìyìn kò gbé sókè, tí èébú kò sì rẹ̀ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè mú 'àìbìkítà' tàbí 'ìdágunlá' wá, èyí tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni Buddhaghosa pè ní ọ̀tá ìtòsí rẹ̀. Àìṣègbè sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adájọ́ ni. Ní báyìí, 'ọkàn tí kò fì' ni mo ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi. Bí ẹlẹgbẹ́ wa kan bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí a tó tún fi irú àyọkà bẹ́ẹ̀ ṣe ìdánwò.